Ọ̀kan Tó Lé Lórí Odù Mẹ́rin: Ìtàn Òǹkà 4,294,967,297

Òǹkà kan ṣoṣo ni a fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Òǹkà náà ni 4,294,967,297. Bí a bá fi owó ẹyọ kà á bí àwọn baba wa ti ń kà á, tí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, yóò jẹ́ ọ̀kẹ́ 214,748 ó lé 7,297. Kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹnu kà tán. Bí ènìyàn bá ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láìsùn, láìjẹun, yóò lò ju ọdún 136 lọ kí ó tó parí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti jókòó ti ọpọ́n rí mọ ilé tí òǹkà yìí ti wá, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọpọ́n náà. Nígbà tí babaláwo bá ń pa ikin, bí ikin kan bá ṣẹ́kù, a ó tẹ àmì méjì sínú ìyẹ̀rọ̀sùn; bí méjì bá ṣẹ́kù, a ó tẹ àmì kan. Ojú kọ̀ọ̀kan kò ní ju ìrísí méjì lọ. Ojú méjì ní ìrísí mẹ́rin. Ojú mẹ́rin, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ kan nínú odù, ní ìrísí mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì bá pé, tí ojú di mẹ́jọ, ìrísí wọn di 256: ojú odù 16 àti àmúlù 240. Títí dé ibi yìí, kò sí ọmọ awo tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ìṣirò dúró níbẹ̀. Bí a bá dá Ifá lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì kọ odù àkọ́kọ́ àti èkejì sílẹ̀ bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn, ọ̀nà 65,536 ni wọ́n lè gbà jáde, èyí tí í ṣe 256 lọ́nà 256. Bí a bá dá a lẹ́ẹ̀mẹrin, tí odù mẹ́rin tò lórí ìlà kan, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde di 4,294,967,296. Fi ọ̀kan lé e; òǹkà wa nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà mọ àwọn iye wọ̀nyí dáadáa. Ojú mẹ́jọ tí ìkọ̀ọ̀kan ní ìrísí méjì ni wọ́n fi ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ti ìṣáájú, tí ó ní ojú 32, kò sì lè ju 4,294,967,296 lọ. Àwọn kan láàrin wa máa ń gbọ́ èyí, wọn a sì yára kéde pé inú Ifá ni wọ́n ti jí kọ̀ǹpútà. A kò fara mọ́ ọn. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ bá ka ìka ọwọ́ rẹ̀ tí ó bá mẹ́wàá, tí ọmọ Páríìsì náà ka tirẹ̀ tí ó bá mẹ́wàá, kò sí olè láàrin wọn. Ìlọ́po méjì, bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, ibi kan náà ni yóò máa gbà kọjá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ifá kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kí ayé tó bu ọlá fún un: UNESCO ti kéde rẹ̀ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àgbàyanu àjogúnbá aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008.

Ọ̀kan tí a fi lé e yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ìtàdógún máa ń yí ká, ṣùgbọ́n nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a ti gbéra mọ́ ọn, ẹ̀tàdínlógún ni a pè é. Igba irúnmọlẹ̀ di ọ̀kànlénígba lẹ́nu wa, irinwó sì di ọ̀kànlénírinwó. Ó hàn pé àwọn àgbà fẹ́ràn kí iye tó gún régé ní ẹnì kan lẹ́yìn, èyí tí kò jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn pa. Ẹni tó bá ka ìwọ̀nyí lè bẹ̀rẹ̀ sí í lérò pé ọ̀kan tó lé yìí ní agbára kan, pé ó ń dáàbò bo òǹkà tí ó bá wà lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè pín in. Èrò náà dùn ún gbọ́. Ohun tí ó sì ṣe ọ̀kan nínú àwọn oníṣirò tó tóbi jù lọ láyé nìyẹn, tí ó fi ṣìnà.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí pípín. Bí ẹnìkan bá kó obì 15 lé wa lọ́wọ́, a lè pín in sí ọ̀wọ́ mẹ́ta tí ìkọ̀ọ̀kan ní márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ obì 17, kò sí bí a ó ti pín in dọ́gba, àfi kí a fún ẹnì kan ní gbogbo rẹ̀, tàbí kí a pe ẹni mẹ́tàdínlógún kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan. Irú òǹkà bíi 17 ni a ó máa pè ní àìṣeépín níhìn-ín. Àwọn yòókù tí ó ju ọ̀kan lọ jẹ́ òǹkà tó ṣeé pín. Ojú kò sì fi í mọ̀ wọ́n. Ọ̀kànlénírinwó jẹ́ àìṣeépín, ṣùgbọ́n ọ̀kànlénígba ṣeé pín: 67 lọ́nà mẹ́ta ni.

Pierre de Fermat jẹ́ amòfin àti adájọ́ ní ìlú Toulouse nílẹ̀ Faransé. Kì í ṣe ìṣirò ló ń fún un ní oúnjẹ. Ó kàn ń ṣe é nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni, lẹ́tà ló sì fi ń sọ ohun tí ó bá rí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 1640 ó kọ̀wé sí Bernard Frénicle de Bessy nípa àwọn òǹkà kan tí ó tò báyìí: 3, 5, 17, 257, 65,537, 4,294,967,297. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ìrísí ojú kan, ó lé kan. Ìrísí ojú méjì, ó lé kan. Ti ẹsẹ̀ odù kan, ó lé kan. Ti odù kan, ti odù méjì, ti odù mẹ́rin, gbogbo wọn ó lé kan. Fermat kò mọ Ifá, kò sì gbọ́ orúkọ wa rí bí a ti mọ̀. Ìlọ́po ló gbé e dé ibẹ̀. Ó ní òun gbà pé gbogbo òǹkà tó bá tò lọ́nà yìí títí láé jẹ́ àìṣeépín. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò rí ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá òun lójú. Ní 1654 ó tún ń rọ Blaise Pascal kí ó bá òun wá ẹ̀rí náà.

Lóòótọ́, 3 jẹ́ àìṣeépín. Bẹ́ẹ̀ ni 5, bẹ́ẹ̀ ni 17, bẹ́ẹ̀ ni 257, bẹ́ẹ̀ sì ni 65,537. Ẹlẹ́rìí márùn-ún dúró, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣiyèméjì sí ẹlẹ́rìí kẹfà?

Fermat kú ní 1665, kò sì sí ẹni tó já ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá 1729, Christian Goldbach tó wà ní Moscow kọ lẹ́tà sí Leonhard Euler ní St. Petersburg, ó sì fi ìbéèrè kan sí ìdí rẹ̀: ṣé Euler mọ̀ pé Fermat sọ báyìí báyìí nípa àwọn òǹkà wọ̀nyí? Ọmọ ilẹ̀ Switzerland ni Euler, ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Kò kọ́kọ́ fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i, ṣùgbọ́n Goldbach kò jẹ́ kó sinmi. A rò pé ó yẹ kí a máa rántí Goldbach ju bí a ti ń ṣe lọ. Òun kọ́ ló já kókó náà, ṣùgbọ́n bí kò bá tẹnu mọ́ ọn, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ti sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Nínú oṣù Kẹsàn-án 1732, Euler gbé ìwé kan síwájú ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ní St. Petersburg. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrú: 4,294,967,297 ṣeé pín. 641 ló pín in, èyí tó kù sì jẹ́ 6,700,417.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i fúnra rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ. Ẹ mú 65,536, iye ọ̀nà tí odù méjì lè gbà jáde, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 641. Ìkọ̀ọ̀kan yóò gba 102, 154 yóò sì ṣẹ́kù. Nítorí pé 4,294,967,296 jẹ́ 65,536 lọ́nà 65,536, ohun tí yóò ṣẹ́kù lára rẹ̀ bá ohun tí yóò ṣẹ́kù lára 154 lọ́nà 154 mu. Ìyẹn jẹ́ 23,716. Ṣùgbọ́n 641 lọ́nà 37 jẹ́ 23,717. Ẹyọ kan péré ló kù kí ó pé. Fi ọ̀kan lé e, ó pé, kò sì sí àṣẹ́kù mọ́. Ọ̀kan tí a rò pé ó ń dáàbò bo òǹkà náà gan-an ni ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù ni pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Fermat láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1640 yẹn kan náà, ó kọ òfin kan ránṣẹ́ sí Frénicle nípa òǹkà àìṣeépín, òfin tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ di òní. Bí a bá lo òfin náà, a ó rí i pé kì í ṣe gbogbo òǹkà ni a gbọ́dọ̀ fi dán 4,294,967,297 wò. Òǹkà àìṣeépín tó bá lè pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé, bí a bá yọ ọ̀kan kúrò lára rẹ̀, ìyókù yóò ṣeé pín sí 64. Irú wọn kò pọ̀: 193 ni àkọ́kọ́, 257 ni èkejì, 449 ni ẹ̀kẹta, 577 ni ẹ̀kẹrin, 641 ni ẹ̀karùn-ún. Pín òǹkà wa sí 193, yóò ṣẹ́ 109 kù. Pín in sí 257, yóò ṣẹ́ méjì kù. 449 yóò ṣẹ́ 325 kù, 577 yóò ṣẹ́ 288 kù. Ní ìgbà karùn-ún, kò ní sí ohun tí yóò ṣẹ́kù. Ìdánwò márùn-ún péré! Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni fún ẹni tó mọ ìṣirò bíi Fermat. Bóyá ó dán an wò tí ó ṣi ìṣirò ṣe, bóyá ìdánilójú ni kò jẹ́ kí ó dán an wò rárá, kò sí ìwé tó sọ. Àwa tí a ń dìbò lẹ́yìn tí odù bá ti jáde, tí a kì í fi ojú odù nìkan dájọ́ ire tàbí ayéwò, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Àwọn aládùúgbò òǹkà yìí náà yẹ fún àfiyèsí. 4,294,967,296 kò mọ ẹlòmíràn ju méjì lọ: pín in sí méjì, pín ìdajì rẹ̀ sí méjì, máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 32, yóò fi di ọ̀kan. Èyí tó fi ẹyọ kan dín sí i, 4,294,967,295, jẹ́ ìyàtọ̀ pátápátá. Ẹ fi 3 ṣe 5 lọ́nà, yóò jẹ́ 15. Ẹ fi 17 ṣe é lọ́nà, yóò jẹ́ 255. Ẹ fi 257 ṣe é lọ́nà, 65,535. Ẹ fi 65,537 ṣe é lọ́nà, yóò jẹ́ 4,294,967,295 gẹ́lẹ́. Gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí márùn-ún ti Fermat ló péjọ sínú òǹkà yìí. Ìdí nìyẹn tí 257 fi ṣẹ́ méjì kù nígbà tí a fi dán 4,294,967,297 wò, nítorí pé òǹkà wa fi méjì ju ibi tí wọ́n ti péjọ lọ. Goldbach rí èyí ní 1730, ó sì fi hàn pé kò sí òǹkà méjì nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ Fermat tí ohun kan náà lè pín, yàtọ̀ sí ọ̀kan.

Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 1796, Carl Friedrich Gauss, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí kò tíì pé ọdún 19, rí i pé a lè fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya àwòrán tó ní igun 17 tó dọ́gba. Láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ti mọ bí a ti ń ya onígun mẹ́ta, onígun márùn-ún àti onígun 15. Kò sí ẹni tó ronú kan 17. Gauss fi hàn pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ Fermat ló ni àṣírí náà: bí òǹkà inú rẹ̀ bá jẹ́ àìṣeépín, àwòrán rẹ̀ ṣeé yà. Onígun 257 ṣeé yà. Onígun 65,537 náà ṣeé yà, olùkọ́ Jámánì kan tó ń jẹ́ Johann Hermes sì lo ọdún mẹ́wàá lórí rẹ̀ kí ó tó parí ní 1894. A kò mọ̀ bóyá kí a yìn ín tàbí kí a káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí 641, onígun 4,294,967,297 kò ṣeé yà. Nínú gbogbo àwòrán tí iye igun rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì, èyí tó pọ̀ jù tí a mọ̀ pé ó ṣeé yà ní igun 4,294,967,295. Àwọn márùn-ún náà tún nìyẹn.

Wọ́n tún kọ ìtàn kan sílẹ̀ nípa Zerah Colburn, ọmọkùnrin kan láti Vermont nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí a bí ní 1804, tí bàbá rẹ̀ ń mú kiri kí àwọn ènìyàn lè wá wo bó ti ń fi orí ṣe ìṣirò. Wọ́n bi í léèrè bóyá 4,294,967,297 jẹ́ àìṣeépín. Ọmọ náà dáhùn láìkọ nǹkan kan sílẹ̀ pé rárá o, 641 lọ́nà 6,700,417 ni. Ẹni tó bá ti rí ọmọ awo kékeré tó ń ka ẹsẹ Ifá láti òwúrọ̀ dọ́sàn-án kò ní pè é ní irọ́ kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn méjì tó pín in náà ní òǹkà tiwa, nítorí pé àwọn ọmọ wa ti ń gbàgbé rẹ̀, a sì gbà pé àdánù ńlá ni. 641 jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlélógójì. Bí a bá fi owó ẹyọ tò ó, ogójì lọ́nà mẹ́rìndínlógún ni, ó lé ẹyọ kan. 6,700,417 jẹ́ ọ̀kẹ́ 335 ó lé irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Àwa náà rí mẹ́rìndínlógún àti ẹ̀tàdínlógún tó yọjú níbẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ ilé lé e lórí. Òǹkà ńlá ní ààyè púpọ̀ tí ohun tí a ń wá lè fara pamọ́ sí, ẹni tó bá sì fẹ́ rí 16 níbi gbogbo yóò rí i níbi gbogbo.

Lẹ́yìn Euler, àwọn oníṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í wò síwájú. Òǹkà tó tẹ̀lé tiwa ni ti odù mẹ́jọ, ó lé kan: 18,446,744,073,709,551,617. Fortuné Landry, ará ilẹ̀ Faransé, pín in ní 1880 nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 82. 274,177 ló pín in. Ti odù mẹ́rìndínlógún ni ó le jù. Ní 1905, James Morehead àti Alfred Western, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn dá ṣe tirẹ̀, fi hàn pé ó ṣeé pín, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ohun tó pín in. Ọdún 65 ni ayé fi mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà lára ògiri náà láìrí ọwọ́ rẹ̀, títí Michael Morrison àti John Brillhart fi kọ̀ǹpútà rí i ní 1970.

Láti ìgbà ayé Fermat títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí ẹni tó rí ẹlẹ́rìí kẹfà. Láti orí òǹkà wa, ti odù mẹ́rin, títí dé ti odù 536,870,912 lórí ìlà kan, gbogbo wọn, bí a bá fi ọ̀kan lé wọn, ló ṣeé pín. Èyí tó kàn ni ti odù 1,073,741,824, ó lé kan. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lódindi, yóò ju 2,500,000,000 ojú òǹkà lọ, kò sì sí ẹni tó tíì lè sọ bóyá ó ṣeé pín tàbí kò ṣeé pín.